Ẹsẹ̀ Tó Ń Bọ̀ Lẹ́yìn

N kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà, ìwúrí. Bí a bá wà nínú ìpàdé àwọn olùkọ́ tí ẹnì kan sì dìde tó ní iṣẹ́ àwọn ọmọ wa wú òun lórí, ara mi á kọ́kọ́ le gbagidi kí n tó rántí pé ó ń yìn wá ni. Wọ́n ti mọ̀ mí bẹ́ẹ̀ ní ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá ní Ìfọ̀n. Wọ́n á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyáàfin yìí, kò sí ohun tó ń wú u lórí láyé yìí. Ọ̀rọ̀ wọn kì í dùn mí. Ohun tó wú mi lórí rí, n kò gbàdúrà kó tún wá.

Gbogbo Yorùbá ló mọ̀ pé ìgbà méjì ni orí ènìyàn máa ń wú. Ó máa ń wú nígbà tí inú bá dùn débi pé ènìyàn fẹ́ fò sókè, bí ìgbà tí wọ́n bá pe ọmọ ẹni síwájú ìjọ pé òun ló gba ipò kìíní. Ó tún máa ń wú nígbà tí ènìyàn bá dá wà lóko lọ́sàn-án gangan, tó gbọ́ tí ẹnì kan wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó wò ó, tí kò sì rí ẹnì kankan. Nílé wa ní Ìjàgbà, èkejì yìí la mọ̀ jù. Bí ìyá mi bá wọlé tó ní orí òun wú, kò sẹ́ni tó máa bi í pé ta ló gba ẹ̀bùn. A ó kàn ti ilẹ̀kùn ni.

Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́ tí mo ń sá eré ìje, kóòṣì wa kì í ṣe ará ìhà ọ̀dọ̀ wa. Apá Ọ̀yọ́ ló ti wá, ìyàwó rẹ̀ ló rí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sí Ọ̀wọ̀, òun náà sì tẹ̀lé e wá. Nígbà tí kò rí ohun gidi kan ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọ tó lè sáré jọ láti ibi gbogbo, ó ń kọ́ wa láàárọ̀ lórí pápá kan tí wọ́n yọ̀ǹda fún un. Ó fẹ́ràn Yorùbá ju oúnjẹ lọ. Bí o bá ki Gẹ̀ẹ́sì bọ ọ̀rọ̀, á ní kí o tún un sọ. Ó ti ka oríṣiríṣi ìwé nípa ohun tó ń mú eléré ìdárayá ṣe ohun tó ń ṣe, ó sì máa ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa nígbà tí a bá jókòó sórí koríko tí òógùn ń gbẹ lára wa.

Ó ní ohun tó ń ti ènìyàn síwájú lè wá láti ìta, ó sì lè wá láti inú. Ti ìta ni àmì ẹ̀yẹ, àtẹ́wọ́, kí wọ́n pe orúkọ ẹni lórí rédíò. Ti inú ni pé eré náà fúnra rẹ̀ ń dùn mọ́ni. Ó ní àwọn tó kọ ìwé náà gbà pé ti inú ló ń tọ́jọ́, àti pé bí wọ́n bá ń fi ẹ̀bùn fa ènìyàn sí ohun tó ti ń fi ìfẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀, ìfẹ́ náà lè kú. Ó ní ẹlòmíràn ń sá kó lè dára ju bó ṣe wà lánàá lọ, ẹlòmíràn ń sá kó lè ju ọmọ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lọ, àti pé ẹni àkọ́kọ́ ló ń sùn dáadáa lóru. Ó ní olúkúlùkù fẹ́ mọ̀ pé òun lòun yan ohun tí òun ń ṣe, pé òun mọ̀ ọ́n ṣe, àti pé òun kò dá wà nídìí rẹ̀. Mo gba gbogbo rẹ̀ gbọ́. Mo ṣì gbà á gbọ́, òun náà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ báyìí. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìwé tí mo ti kà láti ìgbà náà, n kò tíì rí èyí tó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀yìn. Wọ́n kọ nípa ẹ̀rù ìjákulẹ̀, òótọ́ ni, àmọ́ iwájú ni ìjákulẹ̀ máa ń dúró sí.

Àwa obìnrin méjì ló ń sá ẹgbàárùn-ún mítà láàárín wa. Èmi ni ìkan, èkejì ni ọ̀rẹ́ mi. Ìkàrẹ́ ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Ọ̀wọ̀ ni wọ́n bí i sí, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Ọmọ náà máa ń rẹ́rìn-ín bó bá ń sáré. N kò sọ ọ́ láti fi yìn ín o, nítorí ó máa ń bí mi nínú. Nígbà tí ọ̀fun mi bá ti gbẹ, tí ẹ̀gbẹ́ ń dùn mí, òun á máa sọ ohun tó fẹ́ jẹ tó bá délé fún mi, á wá fi mí sílẹ̀ níbi tí a bá ọ̀rọ̀ dé, á lọ gba ipò kìíní. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè kórìíra rẹ̀.

Ìdíje kan ń bọ̀ l'Ákùúrẹ́ tí ìjọba fi ń yan eléré, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n sì máa mú nínú àwọn obìnrin tó bá wá sá ẹgbàárùn-ún mítà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá mú á lọ sí ibùdó tí ìjọba ti ń tọ́jú àwọn eléré, wọ́n á máa bọ́ ọ, wọ́n á sì rán an nílé ìwé. Ní ti ọ̀rẹ́ mi, ohun tó dára ni. Ní tèmi, kò sí ọ̀nà mìíràn. Bàbá mi ti kú, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti lọ, orúnkún ìyá mi kò jẹ́ kó lè gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí ọjà Ìfọ̀n dáadáa mọ́. Ó ti sọ ọ́ fún mi láìpariwo, níbi tó ti ń fi òróró para ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, “Bí wọn ò bá mú ọ l'Ákùúrẹ́, eré ti parí nìyẹn. Wá ulé, ká jọ máa ru ọ̀gẹ̀dẹ̀.” Kì í ṣe ìkà. Ó ti ṣe sùúrù fún mi pẹ́.

Ojú ọ̀nà Ìjàgbà ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ẹsẹ̀ yẹn. Òpin ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń lọ sílé láti Ọ̀wọ̀, n ó sì sá eré tèmi láàárọ̀ kí oòrùn tó le. Ibì kan wà níbẹ̀ tí igi tíìkì pọ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, tí ewé rẹ̀ tó ti gbẹ máa ń bo etí títì. Ní àsìkò ọyẹ́, ìkùukùu á dúró sáàárín àwọn igi náà, o ò sì ní rí ọ̀nà jìnnà. Mo ń sáré lọ níbẹ̀ ni mo gbọ́ ẹlòmíràn tó ń sáré lẹ́yìn mi. Ẹsẹ̀ lásán ni, àtẹ́lẹsẹ̀ tí kò wọ bàtà, ó ń lu ọ̀dà títì, pẹ́tẹ́, pẹ́tẹ́, pẹ́tẹ́. Mo rò pé ọmọ àwọn olóko kan ló ń bá mi ṣeré. Mo yà sápá kan kó lè kọjá, kò kọjá. Mo fi kún eré, òun náà fi kún un.

Ẹ óò ní kí ló dé tí n kò wẹ̀yìn. Ẹ lọ sáré níbẹ̀ ná, kí ẹ tó bi mí.

Nígbà tí igi tíìkì tán tí oko kòkó bẹ̀rẹ̀, n kò gbọ́ ọ mọ́. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn ní gbogbo ìgbà tí mo bá gba ibẹ̀. Á bá mi wọnú igi tíìkì, á sì fi mí sílẹ̀ níbi tí kòkó ti bẹ̀rẹ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn máa ń sáré kọjá ibẹ̀ kíákíá, mo sì rò pé bí mo ṣe máa bá a gbé nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan tí a jókòó lórí pápá, kóòṣì ní òun fẹ́ mọ ohun tó wà nínú olúkúlùkù wa. Ó kọjú sí ọ̀rẹ́ mi. Ó ní, “Tí o bá ń sáré, kí ló máa ń wú ọ lórí?”

Ọ̀rẹ́ mi ní, “Atẹ́gùn ni, sà. Tó bá ń fẹ́ sí mi lójú báyìí, mi ò ní ro ohunkóhun mọ́. Ó kàn máa ń dùn mọ́ mi ni.”

Kóòṣì di ojú rẹ̀ bí ẹni tó tọ́ ọbẹ̀ wò tó rí i pé iyọ̀ ṣe déédéé. Ó ní, “Ti inú nìyẹn! Ẹ gbọ́? Ti inú nìyẹn.” Ó wá yíjú sí mi. “Ìwọ ńkọ́? Kí ló máa ń wú ọ lórí?”

 Mo rò ó pé ta ló sọ fún un. Mo tún rò ó pé ẹni tó ti ka ìwé tó bẹ́ẹ̀ nípa àwọn tó ń sáré, bóyá ó lè wo ènìyàn kó sì mọ̀. Ìdáhùn ọ̀rẹ́ mi kò tilẹ̀ yé mi, mo ń rò ó pé irú atẹ́gùn wo ló ń dẹ́rù ba òun.

Mo ní, “Ẹnì kan ni, sà.”

“Ta ni?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n, sà. Ẹ̀yìn mi ló máa ń wà.”

“Ṣé ó lè sáré?”

“Ó lè sáré gan-an, sà.”

“Ó máa ń fẹ́ kọjá rẹ?”

“Rárá, sà. Ẹ̀yìn yẹn náà ló máa ń dúró sí. Mi ò tíì bojú wẹ̀yìn wò ó rí.”

Inú kóòṣì dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi dìde dúró. Ó sọ fún àwọn yòókù pé kí wọ́n wò mí dáadáa, pé èmi fúnra mi ni mo dá ẹni tí mò ń bá díje sílẹ̀ nínú ọkàn mi, tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi. Ó ní, “Má bojú wẹ̀yìn o. Àti pé tí o bá rí i pé ó ń jìnnà sí ọ, pè é. Ní kó máa bọ̀.”

“Kí n pè é, sà?”

“Pè é! Jẹ́ kó wú ọ lórí dáadáa.”

Ó ń sọ Yorùbá tirẹ̀, èmi ń gbọ́ tiwa. Ìgbà tí ó pẹ́ díẹ̀, tí ó ń sọ̀rọ̀ lórí ìwúrí fún àwọn ọmọ tuntun, ni mo tó mọ ohun tó bi mí lọ́jọ́ náà, ọ̀ràn sì ti kọjá bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Lọ́jọ́ náà, ohun tí mo mọ̀ ni pé àgbàlagbà tí mo fọkàn tán ti gbọ́ nípa nǹkan yẹn, ẹ̀rù kò sì bà á. Èmi olórí kunkun tí kì í gbọ́ ti ìyá rẹ̀, ti kóòṣì ni mo wá lọ gbọ́.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo wọ àárín igi tíìkì, mo gbọ́ ọ níbi tó máa ń wà.  Mo ní, “Máa bọ̀.” N kò sọ ọ́ sókè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà yára lójú ẹsẹ̀. Ó sún mọ́ mi débi pé ó yẹ kí n máa gbọ́ bó ṣe ń mí. N kò gbọ́ èémí kankan. Mo ń mí bí màlúù, ẹni tó ń bá mi sáré kò mí rárá. Ibẹ̀ ni orí mi ti wú wàyí, mo sì sáré débi pé n kò rántí ìgbà tí mo kúrò láàárín igi.

Nígbà tí mo dé oko kòkó, kò fi mí sílẹ̀ mọ́. Ó bá mi dé ẹnu ọ̀nà ilé wa. Ó bá mi dé Ọ̀wọ̀. Lórí pápá wa, koríko ni gbogbo ibẹ̀, ẹsẹ̀ kì í dún níbẹ̀, bàtà wa pàápàá kì í dún. Síbẹ̀ àtẹ́lẹsẹ̀ yẹn ń dún lẹ́yìn mi lórí koríko bó ṣe ń dún lórí ọ̀dà. Mo wo ojú ọ̀rẹ́ mi tó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀wà tó fẹ́ sè.

Láàárín ìgbà díẹ̀, èmi ni mò ń gba ipò kìíní. Kóòṣì á wo aago rẹ̀, á fi han ọkùnrin tó ń ro koríko pápá, á tún wò ó. Ṣùgbọ́n eré ti kúrò lára mi. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń jí tí ara mi á sì fẹ́ sáré kí n tó ronú kàn án. Nísinsìnyí, bí mo bá so okùn bàtà mi tán, n ó tú u, n ó tún un so, kí n má bàa tètè dìde. Mo rù. Ìyá mi wò mí níbi tí mo ti já wọ àgbàlá lọ́jọ́ kan, ó ní, “Ta ló ń lé ọ?” Ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ fún ẹni tó bá sáré wọlé náà ni, n kò sì mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo ní òógùn ló wọ̀ mí lójú.

Ìyá arúgbó kan wà lójú ọ̀nà náà tó máa ń sá láfún sórí ọ̀rá ńlá létí títì. Bí mo bá kọjá, á ní, “Rọra o.” Mo máa ń juwọ́ sí i. Ní àárọ̀ kan, mo kọjá, ó ní, “Ẹ rọra o.” Mo ti sáré jìnnà kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ mí lára. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, ì báà ṣe tiwa ì báà ṣe ti àwọn kóòṣì, tí ìyá arúgbó á ti máa pe ọmọdé ní “ẹ”. Mo sọ fún ara mi pé eyín rẹ̀ tí kò pé ló fà á.

Lọ́jọ́ yẹn náà ni ìyá mi rán mi lọ gba láfún wá lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn lọ. Ó bu láfún sínú igbá fún mi, ó wo ẹ̀yìn mi.

“Ẹnì kejì rẹ ńkọ́?”

Mo ní, “Ẹnì kejì wo, ìyá?”

“Ẹni tí ẹ jọ ń sáré. Àbí ẹ jà ni? Mi ò rí i kó bá ọ sọ̀rọ̀ rí.”

Igbá wà lọ́wọ́ mi. Mo bi í pé báwo ni onítọ̀hún ṣe rí.

Ó ní, “Ìkùukùu ò jẹ́ kí n rí ojú rẹ̀. Ó ga jù ọ́ lọ díẹ̀. Sọ fún un kó wá bàtà wọ̀, ọ̀dà ti ń gbóná.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rìn dé ilé, mo fún ìyá mi ní láfún, mo lọ jókòó sí yàrá. Bí mo bá ní ìgboyà, ọjọ́ náà ló yẹ kí n pa eré tì. Ṣùgbọ́n mo rí orúnkún ìyá mi àti ẹrù ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń dúró dè mí, mo sì mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn yẹn nìkan ló lè gbé mi kúrò níbẹ̀. N kò pa á tì.

Níbi tí mo ti ń rù lọ, ọ̀rẹ́ mi náà ti ń yí padà, kóòṣì ló sì fà á. Ó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ìgbádùn dára, àmọ́ ìgbádùn nìkan kò lè gbé e gba ipò l'Ákùúrẹ́, pé kó wò mí, pé mo ní ẹni tó ń wú mi lórí. Ọkùnrin tó kọ́ wa pé ìfẹ́ lè kú, òun náà ló wá ń bù ú jẹ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kò sọ̀rọ̀ oúnjẹ mọ́ bó bá ń sáré. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀yìn ọrùn mi. N kò rí ìlara lójú rẹ̀ rí, ó sì dùn mí láti rí i.

Ó tẹ̀lé mi wá sí Ìjàgbà ní òpin ọ̀sẹ̀ kan. A ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé ló ní, “Ta ni ẹni yẹn gan-an?”

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo sọ ti igi tíìkì, ti koríko tí ẹsẹ̀ ń dún lórí rẹ̀, ti ìyá aláfún. Mo sọ fún un pé ohun tí kóòṣì bi wá kọ́ ni mo dáhùn, pé ẹ̀rù ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

“Ẹ̀rù kẹ̀! Ẹ̀rù tó ń gbé ènìyàn sáré báyìí? Yá mi.”

“Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń yá ènìyàn.”

“Títí a ó fi dé Àkúrẹ́ péré. Màá dá a padà.”

Mo bínú. Mo ní bó bá fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré lójú títì, kó máa padà lọ sí Ọ̀wọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní ó dáa, òun kò ní ṣe é. Ó tún ń rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun ló wà níwájú. Ìkùukùu ṣú. Nígbà tí a wọ àárín igi tíìkì, ẹsẹ̀ yẹn wà lẹ́yìn mi bó ṣe máa ń wà. Ọ̀rẹ́ mi na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó ké tantan, “Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn! Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi!” Ó fi “ẹ” pọ́n ọn lé bí ẹni ń kí ìjòyè. Ẹ̀rín ló fi sọ gbogbo rẹ̀.

Ẹsẹ̀ tó wà lẹ́yìn mi fo ìgbésẹ̀ kan. Ó wá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì mi. N kò rí ènìyàn. Mo rí ewé tíìkì gbígbẹ tó wà létí títì, mo rí i tí wọ́n ń fọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ mi lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì sí ohun tó tẹ̀ wọ́n. Ẹ̀rín ọ̀rẹ́ mi gé láàárín. Èjìká rẹ̀ gòkè dé etí. Ó wá sáré, n kò sì rí ẹni tó sáré bẹ́ẹ̀ rí, ìkùukùu gbé e mì kí n tó lè pè é.

Ẹnu ọ̀nà ilé wa ni mo ti bá a, ìyá mi ń fún un lómi. Mo ní, “Ṣé o gbọ́ ọ?”

Ó ní, “Gbọ́ kí ni?” Kò wò mí. Ó mu omi rẹ̀ tán, ó di ẹrù rẹ̀, ó gun ọkadà lọ láìjẹun. Ọmọ tó jẹ́ pé oúnjẹ ló máa ń kọ́kọ́ bèèrè.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀yìn mi dákẹ́. Mo sùn. Mo jẹun, ẹran padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Mo ń sáré lórí pápá, atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi lójú, fún ìgbà àkọ́kọ́ mo mọ ohun tí ọ̀rẹ́ mi sọ fún kóòṣì lọ́jọ́ náà. Ó dùn gan-an ni. Mo ń gbádùn eré, mo sì ń pẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ń lọ níwájú láìsọ̀rọ̀, èjìká rẹ̀ wà létí, bí a bá sì dé òpin, kò ní jókòó tì wá sórí koríko. Á máa rìn káàkiri.

Ọjọ́ Àkúrẹ́ ń sún mọ́lé. Mo lọ sí pápá ní ìrọ̀lẹ́ kan tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, mo sáré yí i ká, mo ní, “Máa bọ̀.” Mo tún un sọ. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún nítorí pé ẹ̀rù kò bà mí.

L'Ákùúrẹ́, ọ̀sán ni wọ́n fi eré wa sí, oòrùn ń ràn, ènìyàn kún àtẹ̀gùn ìjókòó. Nígbà tí ìbọn dún, ọ̀rẹ́ mi bọ́ síwájú, kò sì padà sáàárín wa mọ́ títí ó fi parí. Mo sá gbogbo ohun tó wà nínú mi. Mo rò ó nínú ọkàn mi pé bó bá jẹ́ pé nǹkan kan ṣì wà lẹ́yìn mi, mo lè bá a. Mo gba ipò kejì. Wọn kì í mú ẹni kejì.

Ó kọjá ìlà òpin, kò dúró. Ó tún yí pápá ká, àwọn ènìyàn rò pé ayọ̀ ni, wọ́n dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un títí ó fi gba ẹnu ọ̀nà abẹ́ àtẹ̀gùn jáde. Kóòṣì di orí rẹ̀ mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó dì mọ́ mi, ó ní, “Ṣé o rí ohun tí ìwúrí lè ṣe?”

Mo já ara mi gbà. Mo ti rí ọjà Ìfọ̀n, mo ti rí ẹrù náà lórí mi, mo sì mọ ẹni tó gbé e kà mí lórí. Mo wá ọ̀rẹ́ mi lọ. Mo kó èébú dání, n kò ní fi ìkankan pa mọ́. N ó pè é ní olè. N ó bi í pé kí ni òun tó ní bàbá tó ní ṣọ́ọ̀bù fẹ́ fi ipò mi ṣe.

Ẹ̀yìn àtẹ̀gùn ni mo ti rí i, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni. Ó fi ẹ̀yìn tẹ ògiri bí ẹni tó fẹ́ wọ inú rẹ̀ lọ, ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ ọn. Ojú rẹ̀ ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Ó rí mi. Kò bẹ̀ mí, kò sì sọ ti ipò kìíní.

Ó ní, “Báwo lo ṣe máa ń mú un dúró?”

Gbogbo èébú náà tán lẹ́nu mi. Mo ní, “N kì í mú un dúró. Bí mo bá ti dúró, òun náà á dúró.”

Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nílẹ̀, ó wá wò mí.

“Mo ti dúró,” ó ní.